Ọjọ́ Àkọ́kọ́ Yín Ní New York: Bí Tọkọtaya Ṣe Lè Lò Ó Láì Bínú Síra Wọn

Ẹ̀yin tọkọtaya tẹ́ ẹ ń palẹ̀ mọ́ láti wá ṣe họ́lídé ní New York, ẹ káre o, ó dáa tẹ́ ẹ rántí ara yín. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í to orúkọ gbogbo ibi tẹ́ ẹ fẹ́ lọ sílẹ̀, ẹ gbọ́ èyí lẹ́nu mi: ọjọ́ tẹ́ ẹ bá balẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ ìgbafẹ́, ọjọ́ ara ni. Ẹ wọlé, ẹ wẹ̀, ẹ jẹun, ẹ jọ ṣe nǹkan kan ṣoṣo tó dùn, kẹ́ ẹ lọ sùn. Ìyẹn ti tó. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé èmi tí mò ń gbé Queens níbí, tí mo máa ń lọ pàdé èèyàn ní JFK, pápákọ̀ òfuurufú ńlá tó wà níbí, mo ti rí i pé ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni tọkọtaya sábà máa ń jà, ẹni tí ò tíì sùn láti àná, tébi ń pa, tó ń wọ́ àpótí gun àtẹ̀gùn, kí ẹnì kejì wá máa sọ pé "ṣé mo ò sọ fún ẹ ni", kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀? Owó tẹ́ ẹ ti ń kó jọ ọjọ́ ti pẹ́, ẹ ò ní jẹ́ kí àárẹ̀ ọjọ́ kan ba adùn ẹ̀ jẹ́.

Mi ò ní sọ̀rọ̀ fisà níbí o, òfin yẹn ń yí pa dà ṣáá, lọ́dọ̀ ẹ́ḿbásì gan-an ni kẹ́ ẹ ti bèèrè. Ẹni tí fisà ẹ̀ ti wà nílẹ̀, tàbí ESTA, ìyẹn àṣẹ orí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn tí pásípọ́ọ̀tù wọn ò nílò fisà, tó sì ṣì dáa, ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Kẹ́ ẹ tó wọ bàálù

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ẹrù. Ẹ má jẹ́ kí aṣọ ọkọ wà nínú àpótí kan kí ti ìyàwó wà nínú ìkejì. Ẹ pò ó pọ̀, ìdajì aṣọ ìyàwó nínú àpótí ọkọ, ìdajì ti ọkọ nínú ti ìyàwó, torí bí àpótí kan ò bá tètè dé, ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ pàápàá tẹ́ ẹ bá yí bàálù pa dà lọ́nà, kò ní sí ẹnì kankan nínú ẹ̀yin méjèèjì tí ò ní rí aṣọ wọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹ tún kó aṣọ kọ̀ọ̀kan àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín sínú báàgì ọwọ́, ẹ máa rí ìwúlò ẹ̀ tá a bá dé ọ̀rọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì. Oògùn tí dókítà ní kẹ́ ẹ máa lò, inú báàgì ọwọ́ náà ni, nínú ike tí wọ́n fi fún yín, ẹ má dà á sínú ọ̀rá.

Ẹ tẹ àdírẹ́sì hòtẹ́ẹ̀lì àti tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ yín sórí bébà. Mo mọ̀ pé gbogbo ẹ̀ ti wà nínú fóònù, fóònù tó ti kú lẹ́yìn wákàtí mọ́kànlá nínú bàálù ńkọ́? Ẹ sì kíyè sí i pé níbí, oṣù ni wọ́n ń kọ ṣáájú ọjọ́, tẹ́ ẹ bá rí 05/08 lórí ìwé hòtẹ́ẹ̀lì, ọjọ́ 8 oṣù karùn-ún ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ. Ẹni tí ò bá mọ èyí lè dé kó bá a pé yàrá òun ò tíì sí nílẹ̀.

Iná Amẹ́ríkà, 120 volts ni, tiwa 230. Ṣájà fóònù àti ti laptop ò ní wàhálà, ẹ ka ara ẹ̀ wò, tẹ́ ẹ bá ti rí 100-240V, ó ti parí, orí tó máa wọnú sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn nìkan lẹ máa rà, èyí tó ní ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ méjì. Áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ ìgbẹrun tẹ́ ẹ ń lò nílé, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, wọn ò ní gbóná dáadáa níbí, hòtẹ́ẹ̀lì tó dáa sì ní tiẹ̀ nínú yàrá.

Ọ̀rọ̀ owó: káàdì gidi tẹ́ ẹ lè fọwọ́ mú ni hòtẹ́ẹ̀lì fẹ́ rí, kó jẹ́ orúkọ ẹni tó gba yàrá ló wà lára ẹ̀. Wọ́n á di owó kan mú lórí káàdì yẹn, yàtọ̀ sí owó yàrá, wọ́n á tú u sílẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá lọ, ó sì lè tó ọjọ́ mélòó kan kó tó pa dà sínú àkáǹtì. Tó bá jẹ́ pé káàdì kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo owó ìnáwó yín wà, ẹ há nìyẹn. Torí náà káàdì méjì, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ọkọ, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ìyàwó, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ní kẹ́ẹ̀ṣì díẹ̀ lápò, $1, $5, $10, $20. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kéékèèké ni kì í gba $100 lọ́wọ́ èèyàn. Ẹ pe bánkì yín kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ ní ẹ ń lọ Amẹ́ríkà, kí wọ́n má lọ dí káàdì yín pa nígbà tẹ́ ẹ bá dé ìdí owó tákísí.

Èyí tó kù wá ni ẹrù-bá-mi-gbé. Ẹ mọ̀ pé tí wọ́n bá ti gbọ́ pé ẹ ń lọ Amẹ́ríkà, màmá lágbájá á ní ẹ bá òun gbé èlùbọ́ díẹ̀ fún ọmọ òun, bàbá tàmẹ̀dò á di nǹkan sínú páálí tí wọ́n ti fi sẹlotéèpù wé pinpin. Ẹ fọ̀wọ̀ fọ̀wọ̀ bẹ̀ wọ́n, ẹ ní "Mà, àyè ò sí mọ́ nínú ẹrù wa, ẹ má bínú". Nǹkan tẹ́ ẹ ò bá fọwọ́ ara yín dì, ẹ má gbé e. Wọ́n lè bi yín ní JFK bóyá ẹ̀yin fúnra yín lẹ di ẹrù yín, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ parọ́ níbẹ̀.

Nídìí imigiréṣọ̀n

Ọ̀pọ̀ bàálù tó ń ti Èkó bọ̀ tààrà ló máa ń gbéra lálẹ́, ilẹ̀ ti máa ń mọ́ tàbí kó fẹ́ mọ́ tí wọ́n bá balẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti jókòó sínú bàálù, ẹ yí aago yín sí ti New York. Láti oṣù kẹta sí oṣù kọkànlá, Nàìjíríà fi wákàtí 5 ṣáájú wọn, nígbà òtútù ó ń di wákàtí 6. Ẹ sùn bẹ́ ẹ bá ti jẹun alẹ́ tán, ẹ jẹ́ kí fíìmù yẹn dúró.

Tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ máa tẹ̀ lé èrò, ẹ tọ ibi tí wọ́n kọ Visitors sí. Tọkọtaya lè jọ lọ síwájú òṣìṣẹ́ kan náà, ẹ má pín ara yín sórí ìlà méjì torí pé ẹ fẹ́ mọ ìlà tó máa yá jù. Fóònù sínú àpò, wọn ò fẹ́ fọ́tò níbẹ̀ rárá. Òṣìṣẹ́ yẹn máa gba pásípọ́ọ̀tù, á ní kẹ́ ẹ tẹ ìka yín sórí ẹ̀rọ tó ń tàn, á ya fọ́tò yín, á wá bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ìbéèrè ẹ̀ ò le: kí lẹ wá ṣe, ọjọ́ mélòó lẹ fẹ́ lò, ibo lẹ máa dé sí, ta ló ń náwó ẹ̀, iṣẹ́ kí lẹ ń ṣe nílé.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá bi ni kó dáhùn. Mo mọ̀ pé láàárín àwa, ọkọ lè máa dáhùn fún ìyàwó, ìyàwó náà lè máa tún ọ̀rọ̀ ọkọ ṣe, àmọ́ níwájú òṣìṣẹ́ yẹn, tó bá wo ìyàwó tó sì bi í pé ọjọ́ mélòó lẹ fẹ́ lò, tí ọkọ wá já a gbà lẹ́nu ẹ̀, ara lè bẹ̀rẹ̀ sí í fu ú. Torí náà kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kẹ́ ẹ̀yin méjèèjì mọ orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì, kẹ́ ẹ mọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa pa dà, kẹ́ ẹ mọ iye ọjọ́ tẹ́ ẹ gbà lẹ́nu iṣẹ́. Òótọ́ kan náà, látẹnu ẹni méjì. Ìdáhùn ṣókí ni kẹ́ ẹ fún un: "Holiday, ten days, our hotel is on 39th Street." Ẹ má máa ṣàlàyé ohun tí ò bèèrè, ẹ má sì ṣe àwàdà kankan. Ẹ má pe orúkọ ẹ̀gbọ́n yín tó ń gbé Bronx tó bá jẹ́ pé hòtẹ́ẹ̀lì lẹ ń lọ, ṣùgbọ́n tó bá bèèrè bóyá ẹ ní ẹbí ní Amẹ́ríkà, ẹ sọ òótọ́.

Nígbà míì wọ́n lè ní kẹ́ ẹ lọ jókòó sí yàrá kejì. Kì í ṣe pé wọ́n ti lé yín pa dà nìyẹn, ọ̀pọ̀ ló máa ń wọ ibẹ̀ tí wọ́n sì máa ń jáde wọ̀lú ní àlàáfíà. Ẹ jókòó, ẹ dúró dè wọ́n, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara yín sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ohun tẹ́ ẹ sọ ní kọ̀ǹtà náà ni kẹ́ ẹ tún sọ.

Nǹkan míì tó ṣe pàtàkì: ọjọ́ tó wà lára fisà kọ́ ló ń sọ iye ọjọ́ tẹ́ ẹ lè lò ní Amẹ́ríkà. Òṣìṣẹ́ yẹn ló ń fún yín ní ọjọ́, orúkọ ìwé ẹ̀ ni I-94, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà báyìí, kì í ṣe bébà mọ́. Tẹ́ ẹ bá dé hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ lọ sí i94.cbp.dhs.gov, ẹ wo ti ẹnì kọ̀ọ̀kan yín, ẹ ya àwòrán ẹ̀ pa mọ́. Ẹ wo ti méjèèjì o, kì í ṣe ti ọkọ nìkan.

Kọ́sítọ́ọ̀mù àti oúnjẹ inú àpótí

Tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ ń yí bàálù pa dà ní JFK lọ sí Houston tàbí ibòmíì, JFK lẹ ti máa kó ẹrù yín kọjá níwájú kọ́sítọ́ọ̀mù, ẹ máa wá gbé e sílẹ̀ fún wọn pa dà. Ẹran kankan, ẹ má gbé e wá, ì báà jẹ́ suya, kílíṣí, pọ̀nmọ́, adìẹ díndín, ẹran ìgbẹ́. Èso tútù, ewé, irúgbìn, ẹ fi wọ́n sílé. Ajá kan wà níbẹ̀, beagle ni wọ́n ń pè é, etí ẹ̀ gùn wọlẹ̀, tó bá jókòó jẹ́ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí yín, ó ti gbóòórùn nǹkan nìyẹn. Èyíkéyìí oúnjẹ tó bá wà lọ́wọ́ yín, gààrí ni o, bísíkíìtì ni o, tí wọ́n bá bèèrè, ẹ sọ pé ẹ ní oúnjẹ. Ẹni tó bá sọ, bí nǹkan ọ̀hún ò bá dáa, wọ́n á kàn gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ni. Ẹni tó bá sẹ́ tí wọ́n wá rí i, owó ìtanràn ló kàn.

Owó náà bẹ́ẹ̀. Kò sí òfin tó ní kẹ́ ẹ má mú ju $10,000 wọlé, ohun tófin sọ ni pé tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ kẹ́ ẹ sọ, tẹ́ ẹ bá sì jọ ń rìn gẹ́gẹ́ bí ìdílé, owó ẹ̀yin méjèèjì ni wọ́n máa pa pọ̀ kà.

Láti JFK dé hòtẹ́ẹ̀lì

Bẹ́ ẹ bá ṣe ń jáde báyìí, àwọn kan á sún mọ́ yín, "taxi? taxi? where you going, sir?" Ẹ má dá wọn lóhùn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan àpótí yín, kódà bí wọ́n bá sọ Yorùbá sí yín. Wọn ò láṣẹ láti wá wá èrò síbẹ̀, iye tó bá wù wọ́n ni wọ́n sì máa gbà. Ẹ tọ ìlà tákísí aláwọ̀ yẹ́lò níta, òṣìṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń tò wọ́n. Láti JFK sí Manhattan, iye kan ni ìjọba ìlú fi lé e, $70, ẹ ò ní dúnàádúrà, àmọ́ owó géètì ojú ọ̀nà, owó àfikún díẹ̀díẹ̀ àti tip, ìyẹn owó ọpẹ́ fún ẹni tó bá ṣiṣẹ́ fún yín, ò sí nínú ẹ̀, torí náà ẹ fọkàn sí $90 tàbí kó lé díẹ̀. Iye yẹn fún ọkọ̀ ni o, kì í ṣe fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀nà tí owó ẹ̀ rọjú ni AirTrain, tréènì tó ń gbé èrò nínú JFK. Ọ̀fẹ́ ni láàárín àwọn tẹ́mínà, ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ jáde ní Jamaica tàbí Howard Beach lẹ máa sanwó, ó lé ní $8 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní Jamaica, ẹ lè wọ tréènì E lọ sí Manhattan ní $3, tàbí kẹ́ ẹ wọ LIRR, tréènì Long Island, tó wọ́n jù ú lọ àmọ́ tó máa gbé yín dé Penn Station ní nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Ní Howard Beach, tréènì A ni.

Tẹ́ ẹ bá bi mí, lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ wọ tákísí. Mo mọ iye tí $90 jẹ́ ní náírà, mi ò fojú kékeré wò ó, àmọ́ ọ̀pọ̀ ibùdó subway, tréènì inú ìlú, ni ò ní líìfù, àtẹ̀gùn ni, àtẹ̀gùn tóóró, èrò ń sáré kọjá lọ́tùn-ún lósì, ẹ̀yin pẹ̀lú àpótí ńlá méjì àti oorun lójú. Ẹ fi AirTrain pa owó mọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń pa dà, nígbà yẹn ẹ ti mọ ọ̀nà.

Hòtẹ́ẹ̀lì tí ò tíì ṣílẹ̀kùn

Àwọn tó dé láàárọ̀ kì í fẹ́ gbọ́ èyí. Ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì níbí, aago mẹ́ta ọ̀sán ni wọ́n máa ń fún èèyàn ní yàrá, ẹ̀yin sì lè dé ibẹ̀ láago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ẹ má bá ọmọ ilé ọlọ́mọ tó wà ní kọ̀ǹtà jà, kò ṣẹ̀ yín. Ẹ fi orúkọ yín hàn án, ẹ béèrè bóyá yàrá kan ti ṣe tán, nígbà míì ó máa ń wà, nígbà míì wọ́n á ní kẹ́ ẹ fowó kún un. Tí ò bá sí, ẹ ní kí wọ́n bá yín tọ́jú àpótí, wọ́n á já tíkẹ́ẹ̀tì kékeré kan fún yín. Ẹ wá wọ ilé ìyàgbẹ́ ìsàlẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú báàgì ọwọ́ yẹn, ẹ fọ ẹnu, ẹ bọ́jú, ẹ pààrọ̀ aṣọ. Ara á fúyẹ́ lójú ẹsẹ̀. Aṣọ tẹ́ ẹ ti wọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ àná ni ìdajì ìbínú tó wà lára yín.

Ẹ rántí pé ohun tí àwa ń pè ní ground floor, first floor ni wọ́n ń pè é nínú líìfù wọn, kẹ́ ẹ má lọ máa wá yàrá kiri.

Àkókò yìí náà lẹ máa pe ilé. Bó bá jẹ́ aago mẹ́wàá àárọ̀ níbí, ní Èkó aago mẹ́ta tàbí mẹ́rin ọ̀sán ni, Bàbá àti Màmá ò tíì sùn, ọkàn wọn ò sì tíì balẹ̀. Wáìfáì ọ̀fẹ́ wà ní JFK, ó wà ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ pe tọ̀tún ẹ pe tòsì, kì í ṣe ilé ọkọ nìkan. Lẹ́yìn náà ẹ pe ẹ̀gbọ́n tó ń gbé New Jersey, ẹ̀gbọ́n yẹn tó ti ń sọ látọjọ́ yìí pé ọjọ́ tẹ́ ẹ bá dé lẹ gbọ́dọ̀ wá jẹ iyán nílé òun. Ẹ pè wọ́n kí wọ́n tó pè yín. "Ẹ̀gbọ́n, a ti gúnlẹ̀ o, ẹ ṣé àdúrà, à ń bọ̀ wá kí yín lọ́jọ́ Sátidé, ìyàwó mi ń kí yín." Ẹ dárúkọ ọjọ́ gan-an, inú wọn á dùn, ẹ̀yin náà á sinmi. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọkọ̀ wá gbé yín lọ sí New Jersey lọ́jọ́ náà, ẹ máa sùn lọ lórí àga níwájú oúnjẹ wọn ni, ìyẹn ò sì buyì fún ẹnikẹ́ni.

Oúnjẹ àti owó tip

Ẹ jẹun tó fúyẹ́. Ẹ lè ra ìrẹsì àti adìẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń tà lórí kẹ̀kẹ́ níta, halal cart ni wọ́n ń pè é, wọ́n á fi ọbẹ̀ funfun lé e lórí, ata pupa ẹ̀ sì ta, ẹ ní kí wọ́n rọra fi sí i. Pítsà ìgékan náà kì í wọ́n. Tẹ́ ẹ bá wọ ilé oúnjẹ tẹ́ ẹ jókòó sí, àwo kan lè tó ẹni méjì, wọn a máa bu oúnjẹ púpọ̀, omi ẹ̀rọ wọn sì ṣeé mu, ọ̀fẹ́ ni.

Iye tẹ́ ẹ bá rí lára ọ̀pọ̀ ọjà kọ́ lẹ máa san, wọ́n á fi owó orí 8.875% lé e tẹ́ ẹ bá dé ìdí ẹ̀rọ. Aṣọ àti bàtà tí ẹyọ kan ẹ̀ ò bá tó $110 wà lára ohun tí wọn kì í gba èyí lórí ẹ̀ ní New York City. Tip ńkọ́? Níbi tí wọ́n ti gbé oúnjẹ wá bá yín lórí tábìlì, ẹ gbọ́dọ̀ fún wọn, 18% sí 20%, torí orí tip yẹn ni owó oṣù wọn dúró lé jù. Ọgbọ́n táwọn ará ibí ń dá ni pé wọ́n á wo owó orí tó wà lórí bíìlì, wọ́n á sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, iye tip ti dé nìyẹn. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó fún wọn, ẹ ka bíìlì náà wò, tí wọ́n bá ti kọ gratuity síbẹ̀, wọ́n ti yọ ọ́ nìyẹn, ẹ má san án lẹ́ẹ̀mejì. Níbi tẹ́ ẹ ti fẹsẹ̀ ara yín lọ gba kọfí ní kọ̀ǹtà, wọ́n á yí ẹ̀rọ kan sí yín, 18, 20, 22 á máa wò yín lójú, ọmọ tó ń tà á náà á dúró síbẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ ẹ̀, No Tip wà níbẹ̀. Ẹ lè tẹ̀ ẹ́, kò sẹ́ni tó máa bá yín wí.

Ọkọ̀ ojú omi tí wọn kì í gbowó ẹ̀

Nǹkan kan ṣoṣo tó dùn tí mo sọ lókè yẹn, èyí tí mo máa ń rán gbogbo tọkọtaya lọ ṣe nìyí: Staten Island Ferry. Ọ̀fẹ́ ni, lọ àti bọ̀, tọ̀sán tòru ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ máa jókòó, ẹ ò ní rìn, atẹ́gùn á máa fẹ́ yín lójú tí ò fi ní jẹ́ kẹ́ ẹ sùn, ẹ sì máa rí ohun tó gbé yín wá láti òkèèrè láì ná kọ́bọ̀ lórí ọkọ̀ náà.

Ẹ wọ tréènì 1 tí wọ́n kọ Downtown sí, títí dé òpin ẹ̀, South Ferry. Káàdì bánkì tàbí fóònù yín lẹ máa fi kan ojú ẹ̀rọ OMNY níbi géètì, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú káàdì tiẹ̀, torí wọ́n ń ka iye ìgbà tẹ́ ẹ bá wọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ kan, tí káàdì kan bá ti ná tó iye kan láàárín ọjọ́ 7, ìyókù di ọ̀fẹ́. Ẹ ka àkọlé ẹnu ọ̀nà kẹ́ ẹ tó fi káàdì kàn án, ibùdó kan lè ní ẹnu ọ̀nà Uptown lódì kejì títì, tẹ́ ẹ bá ti wọ èyí tí kì í ṣe tiyín, ẹ lè ní láti jáde kẹ́ ẹ tún sanwó.

Tẹ́ ẹ bá jáde síta ní South Ferry, ẹ tún máa rí àwọn kan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì bí òṣìṣẹ́, tí wọ́n á ní kẹ́ ẹ wá ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi. Ẹ kọjá wọn. Ẹ wọ ilé ńlá tí wọ́n kọ Staten Island Ferry sí iwájú ẹ̀ gàdàgbà, ẹ jókòó, bí ilẹ̀kùn bá ṣí, ẹ bá èrò wọlé. Ọkọ̀ aláwọ̀ ọsàn gbàgbà ni. Ẹ lọ sí apá ọ̀tún, ní ìta níbi tí atẹ́gùn wà, torí apá ọ̀tún ni Statue of Liberty máa wà bẹ́ ẹ bá ń lọ. Àwọn ará Faransé ló fi ta Amẹ́ríkà lọ́rẹ, ọdún 1886 ni wọ́n ṣí i, bàbà ni wọ́n fi ṣe é, òun ló fi di àwọ̀ ewé yẹn. Láti ilẹ̀ títí dé orí iná tó gbé dání, ẹsẹ̀ bàtà 305 ni. Ọkọ̀ yìí kì í dúró níbẹ̀ o, ó kàn ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá ni, ẹni tó bá fẹ́ dé ìdí ẹ̀ máa ra tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ mìíràn.

Nǹkan bí 25 ìṣẹ́jú lẹ máa dé Staten Island. Gbogbo èèyàn ló gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ẹ bá wọn sọ̀, ẹ yí po, ẹ tún wọ èyí tó ń pa dà. Àbọ̀ yìí ló dùn jù lójú tèmi. Ẹ dúró níwájú ọkọ̀, gbogbo ilé gíga Manhattan á máa ga sí i bẹ́ ẹ ṣe ń sún mọ́ ọn, One World Trade Center tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 1,776 á yọrí láàárín wọn. Ẹ ní kí ẹnì kan bá yín ya fọ́tò, ẹni méjèèjì pa pọ̀, kì í ṣe kí ìyàwó máa ya ọkọ kí ọkọ máa ya ìyàwó títí ọkọ̀ á fi gúnlẹ̀. Ẹ mú jákẹ́ẹ̀tì dání, ooru ni o òtútù ni o, orí omi yẹn tutù ju ìgboro lọ. Fahrenheit ni wọ́n fi ń ka ojú ọjọ́ níbí, tí wọ́n bá ní 50, ìyẹn 10 tiwa ni, ẹ wọ nǹkan tó nípọn.

Times Square ńkọ́? Ẹ lè gba ibẹ̀ kọjá lálẹ́ tí hòtẹ́ẹ̀lì yín bá wà nítòsí, kẹ́ ẹ wo iná. Àwọn tó múra bí ẹranko inú kàtúùnù tó fẹ́ bá yín ya fọ́tò, owó ni wọ́n máa béèrè tẹ́ ẹ bá yà á tán. Tẹ́ ẹ bá ṣìnà ní Manhattan, ẹ wo nọ́ńbà títì: láti 14th Street lọ sókè, bẹ́ ẹ bá rí i pé nọ́ńbà ń pọ̀ sí i, àríwá lẹ forí lé, Fifth Avenue ló sì pín East àti West. Ogún títì jẹ́ máìlì kan. Ẹnì kan ni kó máa wo máàpù lórí fóònù, ẹ ti pinnu ẹni yẹn nílé, ẹnì kejì á máa wo ọ̀nà. Tí ẹni tó ń wo máàpù bá mú yín gba ibi tí kò yẹ, ẹ jọ yí pa dà, ó parí.

Oorun

Ẹ máa pa dà gba kọ́kọ́rọ́ yàrá ní bí aago mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀dì yẹn á máa pè yín. Ẹ má dáhùn. Ẹ wẹ̀, ẹ tú àpótí, tó bá le jù ẹ sùn fún 20 ìṣẹ́jú kí fóònù jí yín, ẹ tún jáde lọ síbi tí oòrùn wà, ẹ jókòó sí Bryant Park tàbí párákì tó wà nítòsí yín. Ẹ gbìyànjú kí ó tó aago mẹ́sàn-án alẹ́ kẹ́ ẹ tó sùn. Ẹni tó bá sùn láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, aago mọ́kànlá alẹ́ ló máa jí, ojú ẹ̀ á dá pérépéré di àárọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló sì máa rí fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin.

Bẹ́ ẹ tiẹ̀ ṣe dáadáa, ẹ lè jí láago mẹ́rin ìdájí, torí ní Èkó ilẹ̀ ti mọ́ gbangba nígbà yẹn. Ẹ má tan iná, ẹ má gbé fóònù, ẹ fún oorun ní wákàtí kan sí i. Tó bá kọ̀, ẹ dìde kẹ́ ẹ lo àárọ̀ yẹn: ẹ wọ tréènì lọ sí Brooklyn Bridge, wọ́n ti ń rìn lórí ẹ̀ láti ọdún 1883, tó bá di ọ̀sán èrò máa ń kún ibẹ̀ débi pé ẹ ò ní ríbi dúró, àmọ́ ní aago mẹ́fà àárọ̀ àwọn tó ń sáré ìdárayá nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti apá Brooklyn, kẹ́ ẹ máa rìn bọ̀ wá sí Manhattan, ilé gíga yẹn á wà níwájú yín jálẹ̀. Ní apá Manhattan, ẹ wá ilé oúnjẹ tó ti ṣí, ẹ jẹ ẹyin àti búrẹ́dì, kẹ́ ẹ wá mú ìwé yẹn jáde, èyí tẹ́ ẹ to gbogbo ibi tẹ́ ẹ fẹ́ lọ sí. Tí ẹnì kan nínú yín bá sì ti ń wá ìrẹsì tó jọ tilé, ẹ fi 116th Street ní Harlem sínú ẹ̀, àwọn ará Senegal pọ̀ níbẹ̀, ìrẹsì ẹlẹ́ja wọn á tẹ́ yín lọ́rùn.